Kọ̀ǹpútà Tó Yadi Nílé Wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Èrèlé

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Ìsẹ́yìn. Sàfúrátù ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n fẹ́ kí ó wá fi han ìgbìmọ̀ pé òun lè fi kọ̀ǹpútà ka lẹ́tà kí òun sì fi dá a lóhùn, láìsí ẹni tó ń bá òun wò ó. Bí ó bá ṣe é, wọn yóò gbé e kúrò ní kíláàsì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn olùkọ́. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ìyàwó mi. Ọdún mọ́kànlá ló kù fún un lẹ́nu iṣẹ́.

Ó na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹni pé yóò tún un kà fúnra rẹ̀ tó bá yá.

Lọ́sàn-án mo fi Línọ́ọ̀sì sórí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tú inú rẹ̀ wò, ó sì ní ètò kan tí mò ń pè ní akàwé: ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, akàwé a kà á sókè fún ẹni tí kò ríran. Ohun gbogbo wọlé wẹ́rẹ́. Ohùn nìkan ni kò sí.

“Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?”

“Kò tíì sọ̀rọ̀.”

“Bóyá ojú ń tì í.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ márùn-ún ló kù.


Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Èrèlé

Ìlànà tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tẹ̀ lé: ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, dán an wò, kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Mo yọ sípíkà méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ fóònù mi. Wọ́n ń dún dáadáa. A jẹ́ pé àrùn kò sí lára sípíkà. Mo yẹ káàdì ohùn wò. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ó pè é lórúkọ. Mo ṣí gbogbo ibi tí wọ́n ti máa ń pa ohùn lẹ́nu mọ́, mo gbé wọn dé òkè. Pàbó.

Sàfúrátù jókòó tì mí, ó ní kí n máa ṣàlàyé bí mo ti ń ṣe é. Mo ní ohùn inú kọ̀ǹpútà dà bí omi tánkì wa. Akàwé ni tánkì, káàdì ohùn ni ẹ̀rọ tó ń ti omi, wáyà ni páìpù, sípíkà ni ibi tí a ti ń gbé korobá sí. Olùkọ́ ni òun náà, ó ronú díẹ̀.

“Tí páìpù bá ju ọ̀kan lọ ńkọ́? Ta ló ń sọ fún omi pé èyí ni kó gbà?”

Mo ní ìyẹn kọ́ ni ìṣòro tiwa.

“Ẹ máà bínú o, Dókítà,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọyẹ́ kò tíì lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku pupa kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkòkò kékeré kan.


Ọjọ́rú, 12 oṣù Èrèlé

Kò sí iná láti àná. Mi ò ṣe nǹkan kan.


Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Èrèlé

Mojọlá tí òun àti Sàfúrátù jọ ń kọ́ kíláàsì kẹrin wá kí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó gbé ẹ̀pà síse wá.

“Dókítà, aláìsàn yín ò tíì sàn síbẹ̀?”

“Mo ṣì ń wò ó.”

“Sípíkà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yá yín ní ọ̀kan.”

“Ìwọ Mojọlá,” Sàfúrátù dá a lóhùn, “sípíkà yín yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ Ẹtì. Má gbé e sún mọ́ mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Mojọlá sọ fún un pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí kíláàsì rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Tẹ̀dé. Sàfúrátù béèrè bóyá ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kàwé sókè. Mojọlá ní òun kò mọ̀. “Bá mi sọ fún un,” ni Sàfúrátù wí. “Wọ́n máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.”


Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Èrèlé

Ohùn dé lónìí, ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kọ̀ǹpútà náà kò yadi rárá. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń sọ̀rọ̀, síkíríìnì ló ń bá sọ ọ́. Wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí síkíríìnì ńlá yẹn lè gbé ohùn pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà rí i, ó sì yàn án. Síkíríìnì náà kò ní sípíkà kankan nínú. Páìpù méjì ló wà. Ọjọ́ keje rèé tí ó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn tí mo ní kì í ṣe ìṣòro wa.

Mo darí ohùn sí páìpù kejì. Ó dún “tíńn” lẹ́ẹ̀kan, akàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn fáìlì.

“Ta nìyí?” Sàfúrátù ní. “Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀!”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ojú náà ṣì ń ṣe ìyẹn.

Ìbàdàn ni mo ti ra síkíríìnì náà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, nígbà tó ní lẹ́tà ń fò mọ́ òun lójú. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.


Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Èrèlé

Ó ti mọ kíbọ́ọ̀dù ju èmi lọ. Mo fi àmì kékeré méjì tó yọ sókè lára bọ́tìnnì hàn án, pé láti ibẹ̀ ni ìka yóò ti máa mọ ọ̀nà ilé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò tún bi mí mọ́. Ó ti mú kí akàwé yára tó bẹ́ẹ̀ tí èmi kò fi gbọ́ ohun tó ń wí.

Ọmọ wa Misturat pè láti Ìlọrin, ó gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Màmá, ọkùnrin wo ló wà nílé yẹn?”

“Ọkọ mi kejì ni. Bàbá yín ló fà á lé mi lọ́wọ́.”


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru ńlá. Ọ̀rá omi dídì kan ti di ọgọ́rùn-ún náírà, a sì ń tò kí a tó rí i rà.


Ọjọ́rú, 5 oṣù Ẹrẹ́nà

Agogo márùn-ún ni mo ti ibi iṣẹ́ dé. Sàfúrátù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí kíbọ́ọ̀dù, kò tẹ nǹkan kan.

“Kò fọhùn,” ó ní.

“Ṣé iná lọ ni?”

“Iná ò lọ. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná. Mò ń gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń yí. Mo rò pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́.”

Láti ìgbà tó ti kírun ọ̀sán ló ti jókòó síbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Mo rí ohun tó fà á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí kọ̀ǹpútà tó gba èèyàn wọlé, ó ní ẹnu ọ̀nà kan níbi tó ti ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lójú Línọ́ọ̀sì, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn kì í ṣe Sàfúrátù, kì í sì í ṣe èmi. Ẹlòmíràn ni, ó ní ètò tirẹ̀. Ọ̀nà ohùn tí mo tún ṣe, inú ilé ni mo ti tún un ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì ń bá síkíríìnì sọ̀rọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ojú mi ni mo fi ń wọlé, ojú mi náà ni mo fi ń dán an wò. Lónìí mo gbàgbé láti ṣí i fún un, iṣẹ́ mi sì hàn.

Mo tọrọ gáfárà. Ó ní kò séwu. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.


Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo fi ìborùn rẹ̀ di ojú mi kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo pinnu pé láti òní lọ, báyìí ni n ó máa dán gbogbo nǹkan wò. Mo fi eékún gbá tábìlì. Mo tan rédíò tí mo rò pé kọ̀ǹpútà ni.

“Ẹ rọra,” ó ní. “Àga wà lápá òsì yín. Ẹ má gbé ẹsẹ̀, ẹ máa wọ́ ọ.”

Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀rọ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo lò kí n tó wọlé. Òun ló sì ń darí mi.


Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo tún ètò ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹwàá, pẹ̀lú ojú dídì. Lẹ́ẹ̀mẹwàá ló fọhùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ló máa ń gbà kó tó jí, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú yẹn ju kí n jókòó sínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni mo ti ronú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ní oṣù Belú ọdún kejì sẹ́yìn, Sàfúrátù sọ fún mi pé òun ń rí òṣùmàrè yí gílóòbù ká. Mo ní ìmọ́lẹ̀ síkíríìnì ló ń tàn jù. Mo dín in kù, mo sọ àwọ̀ rẹ̀ di ìyeyè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ó ní lẹ́tà ń fò. Mo ra síkíríìnì ńlá. Ní oṣù Èbìbí ó ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo sọ lẹ́tà kọ̀ǹpútà di ńlá, mo ní kó máa sinmi fún ogún ìṣẹ́jú láàárín iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi pẹ̀lú déètì, ohun tí mo yí padà àti ohun tó tẹ̀ lé e. Lójú mi, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ la tó dé ọsibítù ojú ní Ìbàdàn. Gilakómà ni, àrùn tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń kán oògùn sójú rẹ̀ nínú yàrá, dókítà pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ti lọ kì í padà. Ó ní ká ní mo mú un wá ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ṣáájú, òun ì bá lè dá ìyókù dúró.

Mi ò tíì sọ fún un. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.


Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n sun igbó lẹ́yìn ìlú, eérú dúdú ń já bọ́ sórí aṣọ. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta bí irú èyí tí ọ́fíìsì máa ń kọ. Ó kà wọ́n, ó dá wọn lóhùn. Nínú ìdáhùn kẹta ó tún gírámà mi ṣe.


Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Ẹrẹ́nà

A kúrò nílé lẹ́yìn sààrì. Mo di kọ̀ǹpútà náà àti sípíkà rẹ̀ sáàárín ìrọ̀rí méjì, Sàfúrátù sì gbé ọwọ́ lé e títí a fi dé Ìsẹ́yìn. Gbágungbàgun ọ̀nà ló fi ń mọ ìlú. “Tẹ̀dé nìyí,” ó wí. Ó tọ̀nà.

Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius ni alága ìgbìmọ̀ náà.

“Màmá, síkíríìnì yín ńkọ́?”

“Mi ò lò ó, sà.”

“Àwa ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ la máa máa wò ni?”

Wọ́n lọ gbé tiwọn wá láti yàrá kejì. Akàwé ti ń ka lẹ́tà lọ ní tirẹ̀. Bí wọ́n ti ki wáyà síkíríìnì bọ̀ ọ́, ohùn gé láàárín ọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Síkíríìnì tiwa ni mo kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà nípa rẹ̀, mi ò ronú kan ti ẹlòmíràn. Mo sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, gaadì sì fi ọwọ́ dá mi dúró.

“Bàbá, ẹ padà.”

“Mo lè tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni.”

Mo padà sábẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn Sàfúrátù, ohùn tó fi ń bá kíláàsì kẹrin sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ wáyà síkíríìnì yín.”

“Kí ló dé?”

“Omi ti gba páìpù yín lọ.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

“Tí mo bá yọ ọ́, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?”

“Ẹ ó gbọ́ ọ, sà. Bí èmi náà ṣe ń gbọ́ ọ.”

Wọ́n yọ ọ́. Ohùn padà. Ó ka lẹ́tà náà dé ìparí, ó sì dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo wo aago mi. Mo gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Cornelius ní, “Màmá, ẹ káre.”

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ń kọrin lábẹ́nu títí dé Òtù. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un nígbà náà. Mo wò ó, mi ò fẹ́ ba orin náà jẹ́.


Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Ẹrẹ́nà

Ìtúnu ààwẹ̀. Misturat wá sílé. Ìyá rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà kí gbogbo ẹbí, ó ní ẹni tí kò bá dáhùn kò jẹ ẹran ìtúnu nílé òun mọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Igbe

Mo gbọ́ akàwé láti ìta. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Sàfúrátù ti dín ìyára rẹ̀ kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà ọ́fíìsì ni, ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ní ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Wọ́n gbàdúrà fún un. Bí ó ti parí, ó tún tẹ bọ́tìnnì, ó padà sókè, sí ibi tí déètì wà. Lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bàbá Misturat, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ bá mi wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ṣé ogún ló wí, àbí ọgbọ̀n?”

Mo wò ó.

“Ogún oṣù Ẹrẹ́nà ni.”

“Ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lọ.”

“Ọ̀sẹ̀ kan.”

“Alága yẹn ní mo káre,” ó wí.

Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí i tí òun nìkan dá ṣí, tó dá kà á.


Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Igbe

Mojọlá wá. Ó sunkún ju Sàfúrátù lọ.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn ní Ìsẹ́yìn! N ó bọ́ gèlè mi sílẹ̀ níwájú wọn!”

“Gèlè rẹ wọ́n ju wọn lọ. Dé e padà.”

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà, mo to ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú déètì. Kò sí èsì. Mo pe nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Cornelius nígbà mẹ́fà.

Sàfúrátù kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti àná. Nígbà tó lọ kí àbúrò rẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá sínú fáìlì kan, òṣùmàrè, síkíríìnì, òpó ilẹ̀kùn, dókítà. Mo pe fáìlì náà ní “Sí Sàfúrátù”. Mo fi í síbi tí akàwé yóò ti kọ́kọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ìwà ojo ni.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Igbe

Mo fọ aṣọ ní òwúrọ̀, mo sá a sẹ́yìnkùlé. Mo ń fi omi ìyókù fọ ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ akàwé. Ó ní, “Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù, mo sọ àwọ̀ rẹ̀ di ìyeyè.” Ẹnu oníṣu gbígbóná yẹn, tí kò mọ ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí àpò ìrẹsì. Mo wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù.

Sàfúrátù fi ìka kan pa á lẹ́nu mọ́ láàárín gbólóhùn.

“Ẹ jókòó.”

Mo jókòó.

“Kì í ṣe ọkùnrin yìí ló fẹ́ mi. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ dáadáa. Mi ò tò ó, mi ò rántí déètì kan. Èyí tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ sọ, mo padà sẹ́yìn, mo tún ti àárín bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kan ọ̀rọ̀ dókítà, mo bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró dè é, bó ṣe máa ń dúró de ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan.

“Mo gbọ́ dókítà yẹn lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ilẹ̀kùn ò pa dé.”

“Láti ọjọ́ náà?”

“Láti ọjọ́ náà. Oṣù méje. Mo ní kí n máa wò ó bóyá ẹ ó sọ fún mi.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó gbé orí sókè, ó kọjú sí fèrèsé, ó fa imú.

“Òjò ń bọ̀ láti ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ lọ ká aṣọ.”

Mo jáde. Ojú ọ̀run mọ́ gaara, kò sí ìkùukùu kan lórí gbogbo ìlú. Mo ká gbogbo aṣọ náà wọlé.